Bí mo ṣe yan káàdì àti dísíkì fún FreeBSD ní Abẹ́òkúta

Fídíò ìgbéyàwó, ìkómọ àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun ní Pánṣẹ́kẹ́. Lọ́dún tó kọjá, káàdì RAID, ìyẹn èyí tó ń so ọ̀pọ̀ dísíkì pọ̀ bí ẹyọ kan, tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi kú. Dísíkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí dáadáa, àmọ́ n kò rí nǹkan kan kà nínú wọn, nítorí káàdì yẹn ti kọ àmì tirẹ̀ sí wọn lára, irú rẹ̀ nìkan ló sì lè tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá irú rẹ̀ kiri. Lójoojúmọ́ ni ìyá kan láti Aké ń pè mí nítorí fídíò òkú ọkọ rẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé o ti rí i?" Ohùn ìyá yẹn kò kúrò létí mi títí di òní.

Nígbà tí mo rí káàdì tó jọ ọ́, tí mo sì kó gbogbo fídíò jáde sórí dísíkì tí mo yá, mo pinnu pé káàdì kankan kò ní fi dísíkì mi pamọ́ fún mi mọ́.

FreeBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo kóòdù rẹ̀. Láti FreeBSD 7.0, ní 2008, ni ZFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì sórí dísíkì, ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ZFS bá kọ ló máa ń ṣírò àmì fún. Tó bá kà á padà tí àmì náà kò bára mu, ó ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́ nìyẹn, á sì fi ohun tó wà lórí àwọn dísíkì yòókù tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí dísíkì kọ̀ọ̀kan ní ìhòòhò. Káàdì RAID máa ń da aṣọ bo gbogbo wọn ni, wọ́n á wá dà bíi dísíkì ńlá kan ṣoṣo.

Kí n tó náwó, mo tẹ "man 4 mps" láti ṣí ìwé ìlànà mps, ètò tí FreeBSD fi ń darí irú káàdì tí mo ń wá, mo ka orúkọ àwọn chip tó wà níbẹ̀. Mo rí SAS2008 ti ilé iṣẹ́ LSI. Àwọn ti 12Gb/s, tí mpr ń darí, wọ́n ju owó mi lọ, dísíkì oníyìípo kò sì lè sáré tó 6Gb/s pàápàá. Ní Computer Village, Ìkẹjà, ni mo ti ra káàdì 9211-8i tòkunbọ̀, tó ní chip SAS2008 yẹn.

Firmware RAID, ìyẹn ètò inú káàdì fúnra rẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, mo sì ní láti fi ti IT rọ́pò rẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń jẹ́ kí dísíkì hàn bó ṣe rí. Iṣẹ́ yìí bà mí lẹ́rù gan-an. Tí ẹ bá ti fi sas2flash, ètò tí a fi ń pààrọ̀ firmware, pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà kí tuntun tó wọlé, nítorí káàdì lè kú pátápátá. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Àárọ̀ ni mo ti gbé bátìrì inverter sí iná, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan àfi ìgbà tó kún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́ tán ni iná lọ. Inverter ké pì-ì-ì, fáànù dákẹ́, kọ̀ǹpútà kò mì. Mo kọ firmware IT 20.00.07.00 síbẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

Wáyà tún dá mi dúró ọjọ́ méjì. Oríṣi méjì ni wáyà tó ya láti SFF-8087, ihò ara káàdì, sí SATA mẹ́rin, ti ara dísíkì, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Ọ̀kan wà fún àti káàdì lọ sí dísíkì, èkejì wà fún ìdàkejì rẹ̀. Èyí tí kò yẹ ni mo kọ́kọ́ rà, dísíkì kankan kò sì hàn. Ẹ béèrè "forward breakout".

Ọ̀rọ̀ dísíkì ló wá ṣòro jù. Ẹ gun orí Olúmọ, kí ẹ wo àwọn òrùlé páànù nísàlẹ̀: etí ọ̀kan gun etí èkejì. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ ká ti òkè kúrò. Bí dísíkì SMR, èyí tí àwọn ìlà tó ń kọ nǹkan sí gun ara wọn, ṣe ń kọ nǹkan nìyẹn. Tí ZFS bá wá ń tún dísíkì tó kú kọ sórí rẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí kí ZFS rò pé dísíkì náà ti kú, kó lé e jáde. Ní 2020 ló hàn pé àwọn tó ń ṣe dísíkì ń ta SMR láì sọ fún ẹni tó ń rà á. CMR, èyí tí àwọn ìlà rẹ̀ kò gun ara wọn, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Ẹnì kan fẹ́ ta tòkunbọ̀ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, bíi tuntun ló rí." Mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, mo tẹ "smartctl -a" láti wo ìlera rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 41,000 ó lé, ìyẹn ju ọdún mẹ́rin àbọ̀ lọ láìsinmi, Current_Pending_Sector rẹ̀, ìyẹn iye ibi tó ṣòro kà lórí rẹ̀, sì jẹ́ 8. Mo dá a padà fún un. Tuntun mẹ́rin ni mo rà, 4TB lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fi raidz2, ọ̀nà ZFS tó ń fi àyè dísíkì méjì ṣe ààbò, so wọ́n pọ̀. Àyè 8TB ni mo rí lò, àmọ́ méjì yòówù kó kú, fídíò kò ní sọnù. Mo de fáànù kékeré kan mọ́ irin tó ń gba ooru lórí káàdì náà, torí afẹ́fẹ́ líle inú sáfà (server) ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ooru ṣọ́ọ̀bù mi.

Lọ́jọ́ tí mo parí, mo gbé fídíò ìyá Aké yẹn sí i, mo sì yọ wáyà dísíkì kan nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. "zpool status" kọ DEGRADED, ìyẹn ni pé dísíkì kan ti kúrò. Àwọn onílù ṣì ń lù, ìyá náà ṣì ń jó lọ.