Bí Rédíétọ̀ Bá Ń Jò Lójú Ọ̀nà: Àtúnṣe Tí Yóò Gbé Ọkọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì

Omi tó ń kán sílẹ̀ kọ́ ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ooru ni. Ọkọ̀ tí rédíétọ̀ rẹ̀ (ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti ń tutù) ń jò díẹ̀díẹ̀ ṣì lè délé bí awakọ̀ rẹ̀ bá ń bu omi kún un, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára gééjì ooru. Èyí tí omi rẹ̀ bá gbẹ, tí ẹni tó ń wà á sì ń sọ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí orí ẹ́ńjìnnì wọ́, kí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) sì fọ́. Owó àtúnṣe ìyẹn sábà máa ń ju owó rédíétọ̀ tuntun lọ fíìfíì. Ohun tí a kọ síbí wúlò fún mọ́tò, fún kátakátà, àti fún ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ẹ̀rọ ìfami tó bá ní rédíétọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá ti ń gòkè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ìdérí yẹn ló ń há agbára ìfúnpá mọ́ inú rédíétọ̀. Nítorí rẹ̀ ni omi inú ibẹ̀ ṣe lè gbóná kọjá 100°C, kó tó nǹkan bí 120°C, láìhó. Ẹni tó bá ṣí i lójijì, omi náà a hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì tú sí i lójú àti lápá. Ẹ fọwọ́ fún páìpù rọ́bà òkè: bó bá ṣì le tàbí tó gbóná, kò tíì tó àkókò. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, kí ẹ yí i díẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó ṣí i tán. Ẹ yọ ọwọ́ kúrò nítòsí fáànù oníná pẹ̀lú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ ti pa ọkọ̀.

Kúláǹtì, ìyẹn omi ìtútù ẹ́ńjìnnì, tó bá kán sílẹ̀ ńkọ́? Májèlé ni púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń dùn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ajá, ológbò àti ọmọdé fi ń lá a. Ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì gbé e kalẹ̀ sínú abọ́ tí kò ní ìdérí.

Níbo ló ti ń jò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá rédíétọ̀ wí nígbà tó jẹ́ pé páìpù tàbí kílíìpù ló ṣẹ̀. Ẹ fi àkísà nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ, ẹ bu omi sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí kúláǹtì ti ń jò tipẹ́ máa ń ní èérí tó gbẹ mọ́ ọn, tó ní àwọ̀ ewé, pupa tàbí ọsàn. Bí kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bá tutù, tí òórùn dídùn sì ń jáde, rédíétọ̀ kékeré ti hítà inú ọkọ̀ ló ń jò. Bí èéfín funfun bá ń jáde léraléra láti sálẹ́ńsà, tí ọ́ìlì sì dà bí mílíìkì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ. Téèpù kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn; ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ.

Àtúnṣe páìpù

Èyí ló rọrùn jù. Kílíìpù tó tú, ẹ fi sukudiráfà mú un le. Bí páìpù bá ya nítòsí ẹnu, tó sì gùn tó, ẹ gé ibi tó ya dànù, ẹ tì í wọlé padà, kí ẹ dì í ní kílíìpù. Bó bá ya láàárín, téèpù sílíkónì tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ẹ nu páìpù gbẹ, ẹ na téèpù bí ẹ ti ń wé e, kí wíwé kọ̀ọ̀kan gun orí ìdajì èyí tó ṣáájú, kí ó sì kọjá ibi tó ya ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Téèpù lásán kì í dúró lábẹ́ ooru. Bí kò bá sí èyí tó dára, ẹ gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ gbọọrọ, ẹ wé e le, kí ẹ sì fi wáyà dì í.

Àtúnṣe ara rédíétọ̀

Rédíétọ̀ òde òní sábà jẹ́ alumíníọ́mù láàárín, tí ike wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ike bá sán, ẹ fi sándípépà ha ibẹ̀, ẹ nu ún gbẹ dáadáa, kí ẹ fi épọ́sì (gọ́ọ̀mù tó ń le bí òkúta) tó lè gba ooru dí i. Ẹ jẹ́ kó le tán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ìkánjú ló ń jẹ́ kó ṣí. Ibi tí ike àti alumíníọ́mù ti pàdé, mi ò gbà yín níyànjú láti fi épọ́sì ṣòfò níbẹ̀, nítorí kì í pẹ́ tí yóò fi tún jò.

Bí òkúta bá gún ọ̀kan nínú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà kọjá láàárín rédíétọ̀, ẹ fi ẹ̀mú yọ àwọn ewé irin wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà níbi tó ti lu, ẹ ká orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ẹ̀mú fún wọn pa, kí ẹ wá fi épọ́sì bò wọ́n. Ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ bá pa bẹ́ẹ̀ kò ní dín agbára ìtútù kù púpọ̀. Rédíétọ̀ bàbà ti àtijọ́ nìkan ni a lè fi òjé jó.

Ihò tó kéré gan-an, òògùn dídí ihò tí wọ́n ń tà nínú ìgò lè dá a dúró. Ẹ má lò ju iye tí wọ́n kọ lọ. Àwọn awakọ̀ àgbà máa ń da iyèrè lílọ̀ sí i, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, nítorí èérún rẹ̀ ń há sínú ihò. Ẹyin ni kí ẹ yẹra fún: ó ń jinná sínú rẹ̀, ó sì ń dí hítà àti tẹmosítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń pa á bí ooru bá ti rí).

Wíwa ọkọ̀ lọ

Ẹ má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná gan-an, irin lè sán. Bó bá ti tutù, ẹ bu omi mímọ́ díẹ̀díẹ̀. Omi iyọ̀ kò dára. Ní ibi tí òtútù ti ń mú gan-an, omi lásán máa ń dì, a sì fọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ má fi sílẹ̀ di òru.

Ẹ lè tú ìdérí sí ipele àkọ́kọ́ kí ìfúnpá dín kù, kí jíjò náà sì dẹwọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi yóò tètè hó. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, ẹ tan hítà sí òkè pátápátá kó máa gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ara á gbóná, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹ sọ ẹrù sílẹ̀, kí ẹ má fa tírélà.

Ẹ dúró wò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ohun kan tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé tí omi bá ti lọ sílẹ̀ ju ibi tí ohun tó ń mọ ooru fún gééjì wà lọ, abẹ́rẹ́ lè padà sísàlẹ̀ bí ẹni pé gbogbo nǹkan dára. Bí hítà tó ń fẹ́ ooru bá dédé ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, omi ti tán nìyẹn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíákíá.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ sọ ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ fún un, ì báà ṣe òògùn tàbí iyèrè, kó lè fọ gbogbo ọ̀nà omi kó tó fi rédíétọ̀ míì sí i. Ẹ béèrè kó tún wo ìdérí, kí ó sì po kúláǹtì àti omi ní ìdajì-ìdajì.