Bí mo ṣe sanwó ẹ̀rọ apaná kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

35,000 sẹ́fà ni mo fi ra ẹ̀rọ apaná tí mo gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, èyí tí a ń pè ní extincteur níbí. Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá nílò rẹ̀, fùùù díẹ̀ báyìí, ó tán.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ìyá tó ń ta kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń rọ epo sínú ìgò, iná sì sọ nídìí tábìlì rẹ̀. Ọmọ kan ti gbé garawa omi. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó má dà á. Orí omi ni bẹntiróòlù ń léfòó sí, ibi tí omi bá ṣàn dé niná á bá a dé. Yanrìn àwọn bíríkìlà la fi pa á, Ọlọ́run ló yọ wá. Ọkọ̀ panápaná kò lè wọ ọ̀nà tóóró àdúgbò wa láéláé. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì gbàgbé iná kpayo ti Sèmè, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023: ó kéré tán, èèyàn 34 ló bá a lọ.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ọkùnrin kan tó ń rọ ìyẹ̀fun sí i. Ó gbowó, 15,000, ó ní, “Ìyá, ẹ padà wá lọ́túnla.” Mo padà. Ó ní lọ́la. Ìgbà mẹ́rin ni mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ! Lẹ́ẹ̀kẹrin, òmíràn ló gbé fún mi. Mo ní kì í ṣe tèmi, torí mo ti fi ìṣó họ àmì sí ìdí tèmi. Mo jókòó, mo ní n kò kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tó gbé tèmi jáde tó sì tú u lójú mi, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ti dì gbagidi bíi sìmẹ́ńtì tí òjò pa, rọ́bà ọrùn rẹ̀ sì ti sán. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń jò lọ láti ọjọ́ yìí. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú dígí kékeré lórí ẹ̀rọ náà tó ń sọ ọ́: tó bá wà lójú àwọ̀ ewé, ó dáa, tó bá bọ́ sí pupa, ó ti tán. Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, n kò wo ìyẹn rí. Ẹni tó tà á fún mi kò sì sọ.

Ní báyìí, gbogbo Jímọ̀ ni mò ń wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni mo gbé e sí, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 118 ti panápaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì mọ ibi tí wọ́n á ti fa pínnì. Mo bẹ ìyá oníkpayo, ó gbé tábìlì rẹ̀ jìnnà sí wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọkùnrin yẹn kò tíì fún mi ní rìsíìtì títí di òní.