Bẹ́ ẹ bá ní MS: bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ tí dókítà sọ pé MS (multiple sclerosis, àìsàn ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kan) ló ń ṣe àbúrò mi obìnrin, oògùn nìkan ni gbogbo wa ń bèèrè, kò sẹ́ni tó bi í pé inú ẹ ń kọ́, àfìgbà tó di pé kì í jáde ní yàrá mọ́, ó ń sunkún láàárọ̀, àwọn kan ládùúgbò wa sì ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kẹ́lòmíì má baà pẹ́ bíi tiwa.

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú MS ni pé àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló yíjú sí awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n ń bó o, bíi wáyà iná tí rọ́bà ẹ̀ ti ṣí. Ojú lè ṣú, ẹsẹ̀ lè kú, ó lè rẹ èèyàn bí ẹni tó roko láti àárọ̀. Inú ọpọlọ yẹn náà sì ni inú dídùn àti ìbànújẹ́ ti ń wá, torí náà ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn, àìsàn náà fúnra ẹ̀ lè fà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní MS tí ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá nígbà kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

Dókítà tó ń tọ́jú MS yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, torí oògùn steroid tí wọ́n máa ń fúnni tí àìsàn bá tún gbé dìde lè da oorun àti inú èèyàn rú. Ẹ wá ní kó kọ lẹ́tà fún yín lọ sọ́dọ̀ saikọ́lọ́jísìtì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn. Ẹ bèèrè ní LAUTECH Teaching Hospital àti ní ti Bowen, tí ò bá sí níbẹ̀, UCH n'Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ pé ẹni náà ti ń sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan o, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń lò ni CBT (cognitive behavioural therapy), ìyẹn ìjókòó sọ̀rọ̀ láti tún bí èèyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà ṣe. Kì í ṣe ìwàásù. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ kan, ló bá ní "mi ò wúlò mọ́". Saikọ́lọ́jísìtì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan tó ṣẹlẹ̀, nǹkan tó rò, kó wá kọ àwọn nǹkan tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn síbẹ̀, ló bá rí i pé òun ló bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun náà ló ṣan ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kó máa fi díẹ̀díẹ̀ padà sí nǹkan tó fẹ́ràn, ọ̀sẹ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé ìsọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Tákìé, kó sì máa sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán.

Ẹ gba àkókò àárọ̀, torí ooru máa ń jẹ́ kí nǹkan tí MS ń ṣe séèyàn lára le sí i fúngbà díẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ooru oṣù kẹta níbí. MS lè mú kéèyàn máa gbàgbé nǹkan, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Tí owó ọkọ̀ bá le, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa pè yín, wọ́n ti dán CBT orí fóònù wò fáwọn tó ní MS, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin aláìsàn lọ, ẹ dúró síta jọ̀ọ́. Mo bá àbúrò mi wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo dúró síta lọ́jọ́ kejì, wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀.