Ẹ wẹ ajá tán, eégbọn tún padà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kòkòrò tó ń yọ ẹran ọ̀sìn lẹ́nu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ọṣẹ apeégbọn wẹ ajá mi láàárín oṣù méjì. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, ara rẹ̀ á mọ́ tónítóní. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì, etí rẹ̀ á tún kún. Àbí ayédèrú ni oògùn náà?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ayédèrú, àmọ́ ibi tí ajá ń sùn ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Eégbọn tó wọ́pọ̀ lára ajá kì í gbé ara ajá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló ní, kò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Á gun ajá, á mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á lọ pa awọ dà nínú ihò ògiri. Ìgbà tó bá fi jáde níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di mẹ́jọ. Á tún gùn, á tún mu, á tún já bọ́, kó tó wá dàgbà. Abo tó ti mu ẹ̀jẹ̀ títí tó fi wú bíi hóró ẹ̀wà kì í yé ẹyin sára ajá. Ògiri ló máa gùn. Á wọ ibi tó là, á yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń wẹ ajá, ara ògiri ni èyí tó pọ̀ jù nínú eégbọn yín wà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kí ẹ wo igun ilé ajá, abẹ́ àkísà tó ń sùn lé, àti ẹnu ibi tí ògiri ti là. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ṣù pọ̀ bíi yanrìn pupa rúsúrúsú, ẹyin ni. Ẹ sun àkísà náà níná, ẹ dí ibi tó là, kí ẹ sì fín oògùn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ilé ẹran ni wọ́n ṣe é fún. Ajá ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ tún un fín, torí oògùn kì í sábà ran ẹyin. Ní ti ọṣẹ, bí ẹ bá ti fi omi ṣan ajá, agbára rẹ̀ ti bá omi lọ. Èyí tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, tàbí èyí tí ajá ń jẹ, tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló lè dúró de àwọn tó ń ti ògiri bọ̀. Ẹ má sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù kan. Eégbọn tó ti dàgbà lè fara da ebi fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní tí n bá fi iná sìgá tàbí kẹrosíìnì kan eégbọn, á tú ẹnu fúnra rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Eégbọn tí ẹ bá dà láàmú báyẹn lè bi ohun tó wà níkùn rẹ̀ sínú ẹran, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni kòkòrò àìsàn wà. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, ẹ má mú un ní ikùn. Kí ẹ wá fà á jẹ́jẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá já kù síbẹ̀, awọ á tì í jáde tó bá yá.

Ìbéèrè: Mo kán lára oògùn ajá sí ológbò wa, ó ti ń gbọ̀n.

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nísinsìnyí, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání. Bí ẹ bá rí permethrin lára páálí, májèlé gidi ni fún ológbò, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dín in kù tí kò fi ní ṣe é léṣe.

Ìbéèrè: Adìyẹ mi ò yé mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, ogbe orí wọn ti ṣì, wọn ò sì fẹ́ wọlé lálẹ́. Mo tú ìyẹ́ wọn lọ́sàn-án, n ò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Ọ̀sán tí ẹ wò ó ló fà á. Iná adìyẹ ì bá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, nídìí ìyẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí, torí ara adìyẹ ni iná ń gbé tọ̀sán-tòru. Ohun tí mo fura sí ni kòkòrò wínníwínní kan tó ń fara pamọ́ sínú pàlàpálá igi lọ́sàn-án, tó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ lóru. Kó tó mu ẹ̀jẹ̀, ó rí bí eérú. Bó bá yó, á pupa. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú dáadáa, ẹ fi bébà funfun nu abẹ́ igi tí adìyẹ ń wọ̀ sí. Tí bébà bá ní ilà pupa, ẹ̀jẹ̀ adìyẹ yín nìyẹn. Igi yẹn àti pàlàpálá ilé ni kí ẹ dojú oògùn kọ. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá kó adìyẹ kúrò fún oṣù kan, ebi á pa àwọn kòkòrò náà tán.

Ìbéèrè: A ti yọ gbogbo eégbọn ara màlúù wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí ló dé tí ara rẹ̀ wá gbóná báyìí, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pupa?

Ìdáhùn: Eégbọn ti lọ, àmọ́ ó ti fi ẹrù sílẹ̀. Kòkòrò àìsàn tí ojú lásán ò lè rí, Babesia, ló máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí á sì máa bẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ yẹn ló ń bá ìtọ̀ jáde. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí eégbọn ti gùn ún kó tó fara hàn. Àìsàn yìí ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kòkòrò lè gbé àrùn láti ara ẹran kan dé ara òmíràn: àwọn olùwádìí àrùn ẹran méjì, Theobald Smith àti F. L. Kilborne, ló tẹ ìwádìí náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1893. Ẹ ṣí ẹnu màlúù náà wò. Bí èrìgì rẹ̀ bá ti funfun, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má lé e rìn, ẹ fi í sábẹ́ ìbòòji, ẹ gbé omi tì í, kí ẹ sì bu ìtọ̀ pupa náà sínú ìgò kékeré de dókítà.