Kí ọmọ yín tó bá àwọn tó gbà á lálejò lọ sétí òkun

Ẹ̀yin òbí wa ní Ilé-Ifẹ̀ tí ọmọ yín ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní Ìlú Ọba, tí wọ́n fẹ́ mú un lọ lo ìsinmi létí òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lálẹ́ òní kó sọ fún wọn gbangba bí kò bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sọ ọ́, àwọn onílé á sì rò pé ó ti kọ́ ọ nílé ìwé bíi ti àwọn ọmọ tiwọn. Kó wọ omi láàárín àsíá méjì tí apá òkè wọn pupa, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ibẹ̀ ni àwọn adóòlà ẹ̀mí ń ṣọ́. Bó bá rí àsíá tó pupa látòkè délẹ̀, kó má fẹsẹ̀ kan omi rárá. Ẹni tó mọ odò Ọ̀pá ò tíì mọ òkun o! Omi tí ìgbì gbé wá sétí iyanrìn a máa gba ojú kan padà, a sì máa wọ́ ènìyàn lọ. Ẹni tó bá kọjú sí etí òkun tó ń bá a jà, á rẹ̀ ẹ́ kó tó débì kan. Ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ sí, títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó yà sí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yìí ò lè gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́: ìyẹn kó fẹ̀yìn lé omi, kó nawọ́ sókè, kó kígbe.