Bí A Ṣe Ń Mú Iṣẹ́ Ilé Rọrùn fún Ọmọdé

Tí ọmọ bá ń sá fún iṣẹ́ ilé, kí a tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí a kó lé e lọ́wọ́ wò. Ìgbálẹ̀ àgbà ni, kẹ́ẹ̀gì àgbà ni, ibi tí abọ́ wà sì ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹpẹ ṣeé gbé wálẹ̀. Fún àwa tí a ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Òbí gbọ́dọ̀ ti jáde ní kùtùkùtù nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ìyá àgbà tí ì bá máa kọ́ wọn sì wà ní Ìlọrin tàbí Òṣogbo. Àwọn ọmọ ní láti bá wa gbé nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ wo ilé

Ẹ kúnlẹ̀ ní ilé ìdáná, kí ẹ tún kúnlẹ̀ ní balùwẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yín kò bá tó láti ibẹ̀, ọwọ́ ọmọ ọdún 5 tàbí 6 kò lè tó o. Ẹ kan ìṣó sísàlẹ̀ fún táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ilé ìwé wọn. Ẹ kó abọ́ àti ife tí wọ́n ń lò sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi páálí kan sí ẹnu ọ̀nà fún bàtà. Òòlù àti ìṣó nìkan ni owó rẹ̀.

Omi

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ ẹ̀yin òbí gidigidi. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kẹ́ẹ̀gì 20 tàbí 25 líta ló sì ń tì kiri lórí ọmọlanke. Líta omi kan wọn kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì 25 líta tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọmọ ọdún 8 fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tó múlẹ̀ ní Àbújá, fàyè gba iṣẹ́ ilé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàárín ẹbí, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọmọ gbé ẹrù tó wúwo débi tí yóò pa á lára.

Ẹ má sọ kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà tó ti tán nù, pàápàá onílíta 4 tàbí 5. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ọ̀rá inú rẹ̀ yóò fi lọ. Nígbà tí mẹ́rúwà bá dé, kí àgbà da omi sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ó sì bu díẹ̀ sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ìdajì tó fún ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 10 lè gbé èyí tó kún. Kẹ́ẹ̀gì méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, sàn ju kí ẹ̀gbẹ́ kan máa ru gbogbo ẹrù. Kí ọmọ kékeré má ṣe bẹ̀rẹ̀ bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, torí ó lè fi orí já sínú rẹ̀. Ẹ máa dé e pa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, tí ẹ gbé ka orí àpótí, ló dára jù fún wọn.

Eruku ọyẹ́

Láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku kì í jẹ́ kí ilé sinmi. Ẹ fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ nínú ìgbálẹ̀, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrú, kí ẹ sì fi rọ́bà dì í: ìgbálẹ̀ ọmọdé nìyẹn. Kí ó kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu tábìlì àti àga, lẹ́yìn náà kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Gbígbẹ tí a bá ń gbá a, ṣe ni eruku ń dìde láti bà síbòmíràn.

Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀ lásìkò yìí, kí ó máa ká aṣọ. Bákan náà, òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kí ó má fi ọwọ́ kan omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ṣa ẹ̀wà.

Abọ́ fífọ̀

Abọ́ omi méjì nílẹ̀, àpótí tí ọmọ yóò jókòó lé, àti kànrìnkàn tí ẹ gé mọ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Kí ó fọ ife ṣáájú, kó tó kan ṣíbí, kó tó kan àwo, kí ọ̀rá má tètè ba omi jẹ́. Àwo tí ẹ̀bà gbẹ mọ́, ẹ rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀bẹ, gíláàsì àti ìkòkò ńlá, iṣẹ́ àgbà ni. Gáàsì, kẹrosíìnì àti jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ gbé bílíìṣì, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, jìnnà sí wọn, torí bí a bá dà á pọ̀ mọ́ omi tí a fi ń fọ ṣáláńgá, èéfín olóró ló ń jáde.

Bí a ó ṣe sọ ọ́

“Tún pálọ̀ ṣe” ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 6. Ẹ ní kó kó bàtà sínú páálí. Tó bá ti tán, ẹ ní kó nu tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é kí ó wò, ẹ jọ ṣe é, lẹ́yìn náà kí ó ṣe é kí ẹ̀yin wò. Tí ibì kan bá kù, ẹ pè é padà kí ẹ fi hàn án. Ẹ má tún un ṣe lójú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí a mú láti ilé wá, ọmọ ni òun náà. Ọjọ́ orí ni kí ẹ fi pín iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó bí i. Ọmọkùnrin náà sì lè fọ abọ́.

Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ooru mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sinmi tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Bí oòrùn bá rọlẹ̀ ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín wọn lóṣooṣù.