Ẹ má fi ojú nìkan wá ẹyẹ nínú Igbó Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti wá ẹyẹ, òkè ló máa ń wò. Á tẹjú mọ́ orí igi títí ọrùn á fi máa ro ó, ẹyẹ tó ń kọrin sì rèé nínú ìtàkùn, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹyẹ náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Little Greenbul, Eurillas virens. Ó wọ́pọ̀ gan-an nínú igbó ìhà gúúsù Nàìjíríà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn ní àwọ̀ lòun máa fi dá a mọ̀. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí ojú lè dì mú: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ti gbó, ikùn rẹ̀ mọ́ díẹ̀ jù ú lọ, ó parí. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Yellow-whiskered Greenbul, jọ ọ́ púpọ̀, àfi ìlà ìyeyè tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, "Kò nílà, Little nìyẹn." Ẹ rọra o! Ọmọ Yellow-whiskered tí kò tíì dàgbà kì í tíì ní ìlà yẹn dáadáa.

Etí ló ń yanjú ẹ̀. Little á kọ́kọ́ máa kùn wúyẹ́wúyẹ́, orin náà á máa yára, á máa ròkè, á wá gbé ohùn sókè pátápátá kó tó gé e. Èkejì ò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Wótowòto kan náà ni láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀gà gan-an á gbọ́ ọ, á sinmi ẹjọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa fi fóònù kọ orin ẹyẹ lemọ́lemọ́ kí ó lè jáde. Á rò pé akọ mìíràn ti wọ ilẹ̀ òun, á pa jíjẹ àti ìtẹ́ tì, á máa wá ọ̀tá tí kò sí. Áàpù Merlin, tó ń bá èèyàn dá ẹyẹ mọ̀ lórí fóònù, wúlò, àmọ́ àbá ló ń dá. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "greenbul" lásán sílẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má yà kúrò lọ́nà láti lé e. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ sì ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀. Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ìlù àti èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ má sì rò pé inú igbó ńlá nìkan ló ń gbé. Èso wẹ́wẹ́ àti kòkòrò ló ń jẹ, ó sì máa ń wà létí igbó àti nínú igbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà lórí oko àtijọ́, bí ìtàkùn bá ti lè dí níbẹ̀.